Síìlì mẹ́ta lára ṣáàfù kan: iṣẹ́ ẹ̀yìn Hiace ní Ápò

Ọjọ́ Ajé

Hiace àtijọ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní abúlé mẹkáníìkì Ápò láàárọ̀ yìí. Ìyá kan tó ń kó iṣu láti ìhà Láfíà wá sí Màràràbá ló ni ín. Kò sí àga lẹ́yìn mọ́. Wọ́n ti yọ gbogbo wọn, iṣu ni wọ́n ń tò síbẹ̀ títí kan òrùlé. Awakọ̀ rẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó ti ń ka ẹ̀sùn: ọ́ìlì ń jò nínú wíìlì ẹ̀yìn lápá òsì, ó ti rin ṣúù bíréèkì gbingbin, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń hu tí eré bá ti pọ̀, táyà òsì yẹn kì í sì í pẹ́ kó tó jẹ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, síìlì kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin. Ibi tí a ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ayédèrú ni síìlì tí à ń rà.”

Ayédèrú síìlì pọ̀ lọ́jà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí mẹ́ta bá kú lápá kan ṣoṣo, tí apá ọ̀tún ò sì kán tóótó kan rí, ọkàn mi kì í sí lọ́dọ̀ síìlì mọ́. Rọ́bà lásán tó ń dá ọ́ìlì dúró ni síìlì. Ẹnu rẹ̀ dì mọ́ ara ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí wíìlì, bí ẹnu ọmọ ṣe ń dì mọ́ ọmú. Bí ṣáàfù bá ń yí láàárín gbùngbùn, síìlì kan lè lo ọdún púpọ̀. Bí ṣáàfù bá ń jó kúrò láàárín, apá kan ẹnu yẹn á fún jù, apá kejì á là, ọ́ìlì á sì rí ọ̀nà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni ihò èémí. Lórí háúsìn, ìyẹn irin gọọrọ tó bo ṣáàfù méjèèjì pẹ̀lú dífẹ́rẹ́ńṣà láàárín wọn (àpapọ̀ gíá tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wíìlì méjèèjì), nǹkan kékeré kan wà bí ìdérí ìgò. Òun ló ń jẹ́ kí háúsìn mí. Bí ọ́ìlì bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú. Bí kò bá rí ibi gbà jáde, á ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì kọjá. Ti Hiace yìí, eruku pupa ti dí i pa, ó le bí ìkòkò tí wọ́n sun. Mo fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó là. Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní ìhà Àbújá, níbi tí ọyẹ́ ti ń fọ́n eruku tí òjò sì ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀, kó máa wo ihò yìí lọ́dọọdún. Síbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí atẹ́gùn bá ń ti ọ́ìlì, ṣebí ó yẹ kó ti ti ọ̀tún jáde pẹ̀lú, kó sì ti ti ọrùn píníọ̀nù náà, gíá kékeré tó ń gbé agbára láti iwájú wọ inú dífẹ́rẹ́ńṣà. Kí ló dé tó jẹ́ òsì nìkan?

Mo gba ọwọ́ ọkọ̀, awakọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a gba ọ̀nà Gàládímáwà. Kò sí ariwo kankan títí eré fi dé 60. Láti 60 sí 80, bí mo bá tẹ iná, ẹ̀yìn á máa hu. Mo gbé ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún tẹ iná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ariwo tó ń bọ̀ tí a bá tẹ iná tó sì ń lọ tí a bá gbé ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ eyín píníọ̀nù àti kíráùn, gíá ńlá tí píníọ̀nù ń yí, ló sábà máa ń wà. Bíárìn wíìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yálà o tẹ iná tàbí o ò tẹ̀ ẹ́, á máa kùn. Tí o bá sì rọra yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì lójú eré, ohùn rẹ̀ á yí padà, torí ẹrù ara ọkọ̀ ń kúrò lórí apá kan bọ́ sórí èkejì. Ní 70, mo yọ gíá kúrò, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ara rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n abẹ́ àga ò rọlẹ̀. Wíìlì ni ìgbọ̀n yẹn ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Nǹkan méjì ni mo gbà pé ó wà níwájú mi nígbà yẹn: ìhu láàárín, ìgbọ̀n lápá òsì.

Ní ọ̀sán, a fi òkúta sé wíìlì iwájú, a jáàkì ẹ̀yìn, a gbé e lé sítáńdì méjì. Orí jáàkì nìkan kò tó. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé tí mo bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí kò sí lórí sítáńdì, ó di ilé nìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo de wáyà líle kan mọ́ sítáńdì kẹta, mo tẹ ẹnu rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan etí rímù. Ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ yí wíìlì, èmi dọ̀bálẹ̀, mo ń wo àlàfo yẹn. Lápá ọ̀tún, kò yí padà. Lápá òsì, ó ń ṣí, ó ń pa, ó ń ṣí, ó ń pa. Ìyàtọ̀ rẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tó ti súnmọ́ wáyà jù.

Ìyẹn ò tíì dá ṣáàfù lẹ́bi. Rímù lè tẹ̀. Mo mú wíìlì ọ̀tún wá sí òsì, mo tún yí i: ìjó náà ṣì wà. Mo yọ wíìlì àti dúrọ́ọ̀mù, mo lọ yá géèjì alábẹ́rẹ́ tó ń ka ìjó irin lọ́wọ́ tọ́nà tó wà lẹ́yìn wa, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé ojú fílánjì ṣáàfù, ìyẹn orí pẹlẹbẹ tí a ń de wíìlì mọ́. Ó fún mi ní 1.5 mm. Èmi kì í gba ju 0.1 mm lọ lójú fílánjì. Ṣáàfù ti tẹ̀, ẹ̀rí ti dé. Inú mi dùn, mo sì dúró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, ẹ máa rí i níwájú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìyá dé ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn. Mo sọ fún wọn pé ṣáàfù òsì ti tẹ̀, àti pé ìhu yẹn ń fẹ́ kí a tú dífẹ́rẹ́ńṣà wò. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àkókò iṣu tuntun rèé. Ṣe ti jíjò yẹn kí n fi lọ sọ́jà, tí ọjà bá rọlẹ̀ màá gbé e padà wá fún èkejì.” Mo gbà.

Ṣáàfù irú ọkọ̀ yìí kò ṣòro láti yọ. Páìpù bíréèkì ni a kọ́kọ́ tú, pẹ̀lú wáyà háńdì bíréèkì, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó di páálí irin ẹ̀yìn bíréèkì mú. Ṣáàfù, bíárìn àti páálí náà á jáde pọ̀. Bíárìn yẹn, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin ni a fi ń yọ ọ́. Ẹni tó bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gbá a, òun ló ń tẹ ṣáàfù tuntun fúnra rẹ̀.

Ọ́ìlì inú rẹ̀ ńkọ́? Pọ́lọ́ọ̀gì òkè, èyí tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i, ni mo kọ́kọ́ tú kí n tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì nù tán kó tó mọ̀ pé ti òkè ti di mọ́ ibẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ sì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó jáde dúdú, ó ń dán yinrinyinrin tí mo gbé e sí oòrùn. Mo fi ìka méjì rà á: ó kúnná bí àtíkè, kò sí èérún irin tó ń gún ọwọ́. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Eyín ń jẹra wọn, ṣùgbọ́n kò tíì kán. Bó bá jẹ́ pé ó funfun bí ẹ̀kọ mímu ni, omi ló ti wọ̀ ọ́.

Mo fi ṣáàfù tòkunbọ̀ tí mo ti wọ̀n sí i, bíárìn tuntun, síìlì tuntun tó dára, ṣúù bíréèkì tuntun lápá méjèèjì. Géèjì fún mi ní 0.05 mm. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Ọkọ̀ ti padà dé. Ìgbọ̀n ti lọ, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti tún ń jò lápá òsì.

Mo jókòó sórí táyà kan, mo ń wò ó. Níbi tí mo jókòó sí yẹn ni ojú mi ti ṣí. Táyà òsì tí a yọ ni mo jókòó lé. Etí rẹ̀ tó kọjú sí inú ọkọ̀ ti dán bọ̀rọ́, yíká-yíká, kò sí ìlà kan níbẹ̀ mọ́. Etí tó kọjú síta ṣì ní ìlà jíjìn tí owó ẹyọ lè wọ̀.

Ṣáàfù tó tẹ̀ kò lè jẹ táyà báyìí. Bí ṣáàfù bá tẹ̀, wíìlì á fì sínú, á fì síta, nínú yíyí kọ̀ọ̀kan. Ìyà yẹn á pín kárí. Kí etí kan ṣoṣo tó jẹ yíká, àfi kí wíìlì dà sí apá kan kó sì dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyí padà. Ohun tó tẹ̀ tó sì ń yí, ṣáàfù ni, tàbí rímù. Ohun tó tẹ̀ tó sì dúró, háúsìn ni. Ẹfun tí mo fi sàmì lọ́jọ́ Ajé ti sọ òdodo fún mi nípa àkọ́kọ́: bí mo ṣe ń yí wíìlì, ibi tó súnmọ́ wáyà ń bá ẹfun lọ. Mi ò kàn béèrè èkejì ni.

Báyìí ni mo ṣe béèrè rẹ̀. Lórí sítáńdì, mo so òjé mọ́ okùn bíríkìlà, mo fi kọ́ síwájú wíìlì lápá ìta. Mo sàmì ẹfun kan sí etí rímù, mo yí i kó wà lókè, mo wọn láti okùn dé àmì. Mo yí wíìlì ní ìlàjì kí àmì yẹn kan náà bọ́ sí ìsàlẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Nítorí pé àmì kan náà ni mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, bí rímù tàbí ṣáàfù bá tilẹ̀ ń jó, ìjó yẹn kò wọ inú ìṣirò. Lápá ọ̀tún, òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé sítáńdì mi náà dọ́gba. Lápá òsì, òkè fi mílímítà mẹ́fà jìnnà sí okùn ju ìsàlẹ̀ lọ. Orí wíìlì ti dà sínú.

Mo pe awakọ̀ sí i, mo ní kó rántí bóyá ọkọ̀ já sí kòtò kan kí jíjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò ronú rárá. “Ẹ̀gbọ́n, lójú ọ̀nà Kẹ́fì, lóru, ẹrù kún. Apá òsì ni. Mo rò pé táyà ló bẹ́.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti rí. Sípíríǹgì ń ti ẹrù iṣu sísàlẹ̀, kòtò ń ti wíìlì sókè, ìwọ̀nba háúsìn tó wà láàárín sípíríǹgì àti wíìlì ló jẹ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀ sókè. Ṣáàfù tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Látọjọ́ náà, ojú ihò síìlì ń wo ibì kan, ṣáàfù ń lọ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí síìlì fi ń kú. Jíjò kọ́ ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ṣáàfù tí mo fi sí i yẹn ń tẹ̀ díẹ̀, ó sì ń nà padà, nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn kó lè já. Lára Hiace yìí, ṣáàfù kan náà tó ń yí wíìlì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Bó bá kán létí, wíìlì àti dúrọ́ọ̀mù á jọ jáde lọ lójú eré. Mo ní kí wọ́n má fi ẹrù kankan sí i mọ́.

Mo tẹ Ìyá láago. “Ìyá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní gba owó iṣẹ́ apá yẹn lẹ́ẹ̀mejì.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ṣé eléyìí ló kẹ́yìn?” “Mà, ojú yín ni màá ti wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.”

Ọjọ́ Ẹtì

Wẹ́dà kan níbí máa ń fi iná mú háúsìn rọ̀, á sì fà á nà. Mi ò gbé e fún un. Irin tí iná ti rà báyẹn, tó tún ń padà lọ sábẹ́ ẹrù iṣu, mi ò lè fi ọkàn sùn lórí rẹ̀. Mo lọ wá háúsìn tòkunbọ̀.

Ẹni tó ń ta pááàtì fẹ́ kí n ra odindi ẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú dífẹ́rẹ́ńṣà inú rẹ̀. Mo yí ṣáàfù kan lẹ́ẹ̀mejì gbáko, ọmọ iṣẹ́ di èkejì mú kó má yí, mo ka yíyí ọrùn píníọ̀nù: ó lé ní mẹ́rin àbọ̀. Tiwa jẹ́ 4.1, eyín 41 lára kíráùn, 10 lára píníọ̀nù. Bí mo bá fi tirẹ̀ sí i, ọkọ̀ á máa fa ẹrù dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á máa ké lójú ọ̀nà, aago tó ń ka eré náà á sì máa parọ́. Háúsìn nìkan ni mo fẹ́.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: mo gbé irin pẹlẹbẹ méjì dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 60 cm, mo lu ihò sí àárín wọn, mo fi bọ́ọ̀tì dè wọ́n mọ́ ojú háúsìn lápá méjèèjì. Etí irin yẹn ta yọ kọjá ikùn dífẹ́rẹ́ńṣà, nítorí náà téèpù lè gba ibẹ̀ lọ tààrà. Mo wọn láti irin dé irin ní òkè, ní ìsàlẹ̀, mo yí wọn, mo wọn ní iwájú àti ẹ̀yìn. Bí háúsìn bá tọ́, iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dọ́gba. Àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá, tí wọ́n kùn ní dúdú tó ń dán, fi mílímítà márùn-ún yàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Mo fi téèpù han ẹni tó ń tà á, kò bá mi jà. Ìkejì dípẹtà, ó dọ̀tí, ṣùgbọ́n iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yàtọ̀ tó mílímítà kan. Òun ni mo san owó rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Torí a ní láti tú gbogbo ẹ̀yìn, mo bẹ Ìyá kí a ṣe dífẹ́rẹ́ńṣà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbà.

Ọrùn píníọ̀nù ti sọ ìtàn rẹ̀ kí n tó tú ohunkóhun: ojú ṣísẹ́ẹ̀lì wà lára nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹnì kan ti pààrọ̀ síìlì ibẹ̀ rí, ó sì fi òólù gbá nọ́ọ̀tì padà. Mo di ọrùn náà mú, mo tì í, mo fà á, ó ń mì. Kò yẹ kó mì rárá. Bíárìn méjì tó gbé píníọ̀nù gbọ́dọ̀ fún mọ́ra dáadáa. Bí wọ́n bá tú, píníọ̀nù á máa sá kúrò lọ́dọ̀ kíráùn nígbàkigbà tí a bá tẹ iná. Ibẹ̀ ni ìhu yẹn ti ń wá.

Mo fi pọ́ńṣì sàmì sí ìdérí bíárìn méjèèjì tó gbé kíráùn kí n tó tú wọn, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, torí wọ́n kì í ṣe ààrọ̀ ara wọn. Àyè tó wà láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù jẹ́ 0.35 mm lójú géèjì. Ìwọ̀n tí Toyota fún irú èyí jẹ́ 0.13 sí 0.18 mm. Bíárìn píníọ̀nù tuntun wọlé, pẹ̀lú òrùka rẹ̀ tó ń rún tí a bá fún nọ́ọ̀tì. Òrùka yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún nọ́ọ̀tì, tí mo ń fi okùn wé ọrùn píníọ̀nù, tí mo ń fi ìwọ̀n onísípíríǹgì fa okùn láti mọ bó ṣe le tó láti yí i. Bí ó bá le jù, ẹ má tú nọ́ọ̀tì padà kí ẹ sọ pé ó ti dára. Òrùka ti rún kọjá, tuntun ló kù.

Lẹ́yìn náà, àyè eyín. Mo ń tú nọ́ọ̀tì gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíárìn kíráùn lápá kan, mo ń fún ti apá kejì ní iye ihò kan náà, títí géèjì fi kà 0.15. Mo po ọ̀dà ìyẹ́fun pupa-ràkọ̀ràkọ̀ mọ́ gíríìsì, mo kùn ún sára eyín mẹ́ta, mo yí i síwá sẹ́yìn. Ibi tí ọ̀dà ti nù kúrò wà láàárín eyín, kò sá sétí, kò sá sí ìdí. Mo pe ọmọ iṣẹ́ kó wá wò ó dáadáa, torí ojú ló ń kọ́ni ní apá yìí.

Ọ́ìlì gíá, irú tí wọ́n ń pè ní GL-5, ni mo dà sí i, èyí tó ki tó 85W-90, torí oòrùn ibí àti ẹrù. Píníọ̀nù yìí wà nísàlẹ̀ àárín kíráùn, nítorí náà eyín wọn kì í kàn yí lórí ara wọn, wọ́n ń yọ̀ gba ara wọn lójú pẹ̀lú ipá. Ọ́ìlì lásán kò lè dúró láàárín wọn. Òórùn bí imí-ọjọ́ tí ẹ ń gbọ́ nínú ọ́ìlì yìí, ara ohun tó ń dáàbò bo eyín ni. Ẹ má kàn dà á sínú gíábọ́ọ̀sì onígíá ọwọ́ tí ìwé rẹ̀ ní kí ẹ lo GL-4, ó lè jẹ òrùka bàbà inú rẹ̀. Mo dà á títí ó fi ń sun jáde lẹ́nu ihò òkè, ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú.

Ìyá dé ní aago mẹ́rin. Mo gbé okùn òjé kọ́, mo fún wọn ní téèpù, àwọn fúnra wọn ló wọ̀n ọ́n. Òkè àti ìsàlẹ̀, apá méjèèjì. Wọ́n wọn òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Wọ́n gbé e wá fún pípààrọ̀ ọ́ìlì, torí bíárìn tuntun máa ń bọ́ eruku irin sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ ní òun ń gbọ́ rédíò báyìí ní 80. Mo yọ wíìlì òsì, mo fi ìka nu ìsàlẹ̀ páálí bíréèkì, níbi tó máa ń rin tẹ́lẹ̀. Eruku pupa ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, gbígbẹ táútáú.